Bàtà Tí Kò Ní Gìgísẹ̀

Aláyùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, obìnrin náà kì í sì í bínú sí i, torí ayùn ló ń fi jẹun lóòótọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Yóò lẹ àwòrán mọ́ pákó fẹ́lẹ́, yóò jókòó ti ayùn oníná tó tín-ín-rín bí òwú, yóò sì gé e sí ègé wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà, kí àgbàlagbà tí iṣẹ́ òòjọ́ ti sú lè jókòó nírọ̀lẹ́ kó máa tò ó padà. Àwòrán tó fẹ́ràn jù ni ti àwọn ayàwòrán àtijọ́ tí kì í fa ilà yí nǹkan ká, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń kán ọ̀dà tò-tò-tò: òdòdó lójú omi, ọkọ̀ nínú kùrukùru, obìnrin tó di agboòrùn mú lórí òkè koríko. Bí o bá sún mọ́ wọn, rúdurùdu ni. Ìgbà tí o bá rìn sẹ́yìn lo tó máa rí ẹwà wọn. Aláyùn a máa fi ṣàwàdà pé bí ẹbí ṣe rí náà nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní àṣà kan. Ẹni tó bá gé àwòrán a máa fi ègé kan sí inú rẹ̀ tó ní ìrísí tirẹ̀, òun ni òǹtẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíì ń gé ẹyẹ, ẹlòmíì ń gé kọ́kọ́rọ́. Bàtà ni Aláyùn ń gé. Bàtà ni bàbá rẹ̀ ń tún ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé, òun ló sì fi tọ́ Aláyùn àti àbúrò rẹ̀ obìnrin dàgbà. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ ńlá tí àbúrò rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, tó ní kó jẹ́ kí ẹ̀rọ àwọn máa gé bó ṣe ń gé, tòun ti bàtà, Aláyùn fún un lómi mu, ó sì ní rárá.

"Ẹ lè ra àwòrán, ẹ lè ra pákó. Bàtà bàbá mi ò sí lórí àtẹ."

Àbúrò rẹ̀ wà níjókòó níbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ lẹ̀gbọ́n òun sọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì gbé páálí wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Wọ́n ní ẹ máa ń gé ègé tó bá sọnù."

"Mo máa ń gé e, mà. Kí ló ṣe tiyín?"

"Ajá ló jẹ ẹ́. Mo ṣọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì, kò yà á."

Aláyùn rẹ́rìn-ín, ó ní kó da àwọn tó kù sórí tábìlì, kí òun lè wo ibi tí ihò wà. Obìnrin alágboòrùn ni àwòrán náà. Ó mú ègé kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Etí rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí igi tó jóná. Ẹ̀rọ tó ń fi iná gé pákó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ayùn kì í jó igi báyẹn. Ìyẹn ò kàn án. Ó ń tò ó lọ ni ọwọ́ rẹ̀ ba bàtà.

Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Bàtà náà kò ní gìgísẹ̀. Ó dá bàtà náà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń ṣègbéyàwó, obìnrin alágboòrùn yìí gan-an ni Aláyùn gé fún un. Ibi tó ti ń gé bàtà ni ayùn ti ṣẹ́, gìgísẹ̀ sì bá ègé kejì lọ. Ó fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ nù kó gé òmíì. Àbúrò rẹ̀ já a gbà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ fún mi bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ayé ló ní bàtà yín, èmi nìkan ni mo ní èyí tó yarọ." Bàtà bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láyé, yàrá àbúrò rẹ̀ ló sì wà; ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gé irú rẹ̀, ara èyí ló ti wò ó.

Aláyùn kò fẹ́ gbà á gbọ́. Ó ní bóyá olè ló jí i, bóyá ọkọ àbúrò òun ló yá ẹnìkan. Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn a máa bá a wá àwáwí kí onítọ̀hún tó wá a fúnra rẹ̀. Ó gé ègé tíṣà, ó kùn ún kó lè bá ojú ọ̀run tó yí i ká mu, ó ní kí ajá má tún rí i. Lẹ́yìn náà ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ.

Aṣọ ni àbúrò rẹ̀ ń lọ nígbà tó wọlé.

"Mo rí bàtà rẹ lónìí, lọ́wọ́ oníbàárà."

"Bàtà wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èyí tó yarọ."

Àbúrò gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó jókòó. "Wọ́n ní àwọn máa dín èèyàn kù níbi iṣẹ́. Mo kàn fi àwòrán tí ẹ gé fún mi yá wọn ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa gé bàtà mọ́ ọn."

"Irọ́ ni."

"Mo mọ̀," àbúrò wí, ó ń wolẹ̀.

Ó dun Aláyùn wọra. Síbẹ̀ ó mọ bí ìbẹ̀rù àìríṣẹ́ṣe ṣe ń rí lára èèyàn, ó sì ti ń wá ọ̀nà àtidárí jì í nínú ọkàn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e.

"Ọkùnrin yẹn jókòó níwájú mi, mo ní rárá. Báwo ni wọ́n ṣe wá gé e?"

"Ìyẹn ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá tuntun ló bi mí bóyá ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i."

"Kí lo wá sọ?"

Àbúrò fa etí aṣọ tó ń lọ títí. "Mo ní ẹ ti kú."

Aláyùn na ọwọ́ sí báàgì rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n lè gbà pé èmi ni mo jogún bàtà náà. Wọ́n tiẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Gbogbo wọn dìde dúró fún yín."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ tí Aláyùn gbé pọ̀n lẹ́yìn ló dúró láàárín àwọn àjèjì, tó ń gba ìkíni ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n yẹn ń gé pákó lọ́wọ́. Aláyùn mú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ayùn ń dún nínú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Aláyùn pa ayùn. "Ta lò ń wá?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹni yẹn ti kú. Lọ béèrè níbi iṣẹ́ rẹ, wọ́n á sọ fún ẹ."

Ó tan ayùn padà. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kí bàtà wà, kò gé bàtà síbẹ̀; ó gé e bó ṣe gé àwọn ègé yòókù, ó kọjá.