Bàbá Ìsàlẹ̀ Tó Ń Kí Omi

"Témù rá, témù síl." Ohùn Bàbá Ìsàlẹ̀ nìyẹn láràárọ̀, kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Elephant tó kọjá. Fèrèsé ilé ìdáná wọn wà lábẹ́ tiwa gan-an ní Peckham, nílùú òyìnbó. Wọ́n á kí omi tán, wọ́n á dúró díẹ̀, ẹ̀rọ omi á wá dún ṣàà, òórùn tíì eléwé míǹtì á sì gòkè wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ilẹ̀ ọba Tasárù, láàárín aṣálẹ̀, ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní nígbà kan, kò sí oníràkúnmí tó lè tajà níbẹ̀ láì gbọ́ èdè Tasárù. Ẹnikẹ́ni kì í sì í fa omi kànga láì kọ́kọ́ kí i. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ìkíni náà fún mi, "Omi, ẹ kú ìdúró" ni ì bá jẹ́ ní Yorùbá. Nígbà tó yá, ìjọba mìíràn gba ilẹ̀ náà, wọ́n ní èdè ará oko ni, ọmọ tó bá sọ ọ́ nílé ìwé á jẹgba. Ta ló fún wọn láṣẹ? Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo kò gbọ́ èdè náà rárá. Ó wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó bá wọn níwájú ẹ̀rọ omi, ló bá sọ fún màmá mi lórí àtẹ̀gùn pé orí Daddy òun ti ń dàrú. Màmá mi ní, "Omi ni wọ́n ń kí o, my dear. Omi ò lọ́tàá." Kò gbà. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti mú Bàbá lọ sílé àwọn arúgbó ní Sydenham. Èèyàn sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, wọ́n ní ó ya wèrè.

Nígbà tí a lọ wò wọ́n, ètè wọn ti gbẹ. Wọn kò fẹ́ mu omi inú ife tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbé fún wọn, torí pé kò sẹ́ni tó kí i kó tó bù ú. Màmá mi bẹ̀bẹ̀ títí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ péré." Mo bá gbé ife lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo da omi rẹ̀ nù, mo ní, "Témù rá, témù síl," kí n tó ṣí ẹ̀rọ náà bu òmíràn. Bàbá gbé e mu tán.

Ọmọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Daddy, kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi?"

Bàbá wolẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi pé èdè wa kò ní jẹ́ kó o rọ́wọ́ mú. Mo gbà wọ́n gbọ́."

Bọ́ọ̀sì gbé wa padà sí Peckham. Tíṣà mi ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún màmá mi náà nígbà kan, òyìnbó nìkan ni wọ́n sì ti ń bá mi sọ láti ìgbà náà. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ sílé." Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́.

Bàbá ti kú tipẹ́. Láràárọ̀ ni èmi àti ọmọ mi ń kí omi, ní èdè Tasárù, ká tó kí i ní Yorùbá. Èdè tó gba aṣálẹ̀ já nígbà kan, gbólóhùn kan péré ló kù lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà ọmọ mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n dín Yorùbá kù nílé. Mo ní kó tún un sọ. Mo pe ọmọ mi, mo fi Yorùbá sọ fún un pé, "Ó yá, jẹ́ ká lọ sílé."