Ìkòkò tó wà ní Àárín Ẹrù

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan báàgì yẹn mọ́. Tí ẹ bá tún fi nǹkan kan kún un, ẹ̀yin lẹ máa gbé e o."

Àkọ́bí mi obìnrin ló kì mí nílọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti ń di ẹrù àwọn ọmọ tirẹ̀ fún ìpàgọ́ ọdún Àjíǹde. Aṣọ òtútù kan péré ni mo fi kún un. Àmọ́ mo mọ ohun tó ń rántí, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, Okokomaiko là ń gbé, a sì ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan níbẹ̀. Tí iléèwé bá ti gba ìsinmi Àjíǹde, ìjọ wa a máa lọ pàgọ́ sí etí òkun, lọ́nà Àgbádárìgì. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń ṣe òrùlé, orí ẹní la sì ń sùn. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ ju Kérésì lọ. Ní tèmi, oorun kì í kùn mí láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ásímà. Tí èéfín bá kàn án báyìí, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Ẹ ò bá rí bí mo ṣe ń di ẹrù nígbà yẹn. Mo kó ìṣáná sínú agolo mílíìkì kó má baà rin. Mo gbé kẹrosíìnì jìnnà sí gààrí. Mo kó súwẹ́tà fún àwọn ọmọ tó ń lọ sí etí òkun nínú ooru. Oògùn ọmọ yìí ni mo tọ́jú jù: mo fi sínú agolo olómọrí, mo ki agolo sínú sòkísì, mo ki sòkísì sínú ìkòkò, mo fi okùn de ọmọrí ìkòkò, mo fi aṣọ wé gbogbo rẹ̀, mo sì tì í bọ àárín gbùngbùn báàgì. Òjò kò lè dé ibẹ̀ láéláé.

Bàbá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Ìyàwó, ṣé láńlọ́ọ̀dù ti lé wa jáde ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Tí òtútù bá mú yín níbẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé mo gbọ́n."

Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ gan-an ni nǹkan oṣù mi dé. Nínú ìjọ wa, obìnrin tó bá wà nírú ipò yẹn kì í wọ ilẹ̀ àdúrà títí ọjọ́ méje á fi pé. Okùn tí wọ́n ta yí àgọ́ ká sì ni ààlà ilẹ̀ àdúrà. Kí ni n óò ṣe? Mo jókòó sílé. Bọ́ọ̀sì ìjọ gbé bàbá àtàwọn ọmọ, mo ń sáré tẹ̀lé e: "Kò gbọdọ̀ wọnú omi o! Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ìdí iná o!"

Mo padà wọlé, mo ń gbálẹ̀, ni mo bá ṣàdédé rántí. Mo ti sọ gbogbo nǹkan tán, àfi ibi tí oògùn wà. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Fóònù kò sì sí lápò ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó di ibùdókọ̀, mo wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì.

Nígbà tí mo fi máa dé ẹ̀bá okùn, wọ́n ti ń dáná ẹ̀wà, èéfín ti bo àgọ́. Ọmọ mi jókòó sórí ẹní, ó di orúnkún mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bàbá rẹ̀ ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Àkọ́bí mi ń tú ẹrù, ó ń sunkún. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti ré okùn kọjá nígbà tí ìyá àgbà kan nínú ìjọ nawọ́ sí mi.

"Dúró síbẹ̀, ọmọ mi. Ohùn rẹ lè wọlé. Pariwo!"

Mo kígbe: "Inú ìkòkò!"

"Mọ́mì, ìkòkò wo?"

"Àárín báàgì! Yọ súwẹ́tà! Yọ yẹ̀rì mi! Ó wà lábẹ́ pátá dádì yín!"

Gbogbo àgọ́ ló ń gbọ́. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣẹ́ pátá kankan kù sílé?" Bàbá wọn ti ń fi eyín tú okùn ọmọrí ìkòkò.

"Sòkísì nìyí!"

"Agolo wà nínú ẹ̀! Ààbọ̀ hóró, pẹ̀lú omi!"

Ọmọ náà gbé e mì. Wọ́n gbé ẹní rẹ̀ lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Mo dúró lẹ́yìn okùn, èjìká yẹn nìkan ni mò ń wò. Díẹ̀díẹ̀, ó rọlẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Mọ́mì, ebi ń pa mí."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn obìnrin. Ìyá àgbà náà ní kí wọ́n bu ẹ̀wà fún èmi náà, wọ́n sì nà án sí mi lórí okùn. Kí n tó lọ wọ ọkọ̀ padà, mo ní kí ọmọ náà di agolo rẹ̀ mú, kó sọ fún mi bí òun ṣe máa lò ó. Ó sọ ọ́ láìṣì.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín: ẹ di ohunkóhun tó bá wù yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí oògùn ọmọ wà lókè ẹrù, kí ẹ sì fi ibẹ̀ han ọmọ náà àti ẹlòmíràn kan kí wọ́n tó kúrò nílé.