Ẹrù Kámẹ́rà Sherifat

Ìwé kan ni Ayọ̀kúnmi fi lé Sherifat lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì wọn ní Malali, bí ẹni ń fún ènìyàn lẹ́bùn. Sherifat kà á dé ìdajì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un kà láti òkè. Kámẹ́rà méjì. Ojú kámẹ́rà márùn-ún, èyí tó gùn jù nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó apá ọmọdé. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Agboòrùn funfun méjì fún iná títàn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fò lókè tó ń ya fọ́tò. Sólà alágbèéká tí wọ́n ń tẹ́ sí oòrùn láti fi ṣáàjì bátìrì.

"Ayọ̀kúnmi, ṣé òkè Mambilla la ń lọ ni, àbí a fẹ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀?"

"Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń kó dání nìyẹn, mà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kà á."

"Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí." Sherifat tún ọ̀rọ̀ náà sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí eyín rẹ̀ ko òkúta nínú ìrẹsì.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni, ọyẹ́ sì ti bo gbogbo Kaduna bí ẹni da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń kó àwọn dókítà ojú lọ sí abúlé tí kò ní ọsibítù ló gba Sherifat síṣẹ́, pé kó bá wọn ya àwọn arúgbó tí nǹkan funfun ti bo ẹyinjú wọn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, kó sì tún yà wọ́n nígbà tí wọ́n bá tú báńdéèjì. Ayọ̀kúnmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Ọmọ Èkó ni, iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé e dé Kaduna, ó sì jókòó síbẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó jáfáfá, ó ní ìtẹríba, kò sì sí ohun tí kò tíì kà nípa rẹ̀.

Sherifat ní tirẹ̀ ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Kaduna ni wọ́n bí i sí, ìdí rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Hausa ẹnu rẹ̀ dá ṣáká débi pé àwọn oníbàárà máa ń bi í bóyá Yorùbá ni lóòótọ́. Ọwọ́ Ọ̀gá Gbọ́láhàn ló ti kọ́ fọ́tò yíyà ní Badarawa, nígbà tí wọ́n ṣì ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló gba ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti bá àwọn tó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára wọ inú igbó tí mọ́tò kò dé. Odò ti gba kámẹ́rà kan lọ́wọ́ rẹ̀, eruku sì ti pa òmíràn. Látinú ìyà wọ̀nyẹn ló ti mọ ohun tó yẹ ní kíkó: kámẹ́rà kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ dunjú, ojú kámẹ́rà méjì, bátìrì mẹ́rin, mẹ́mọ́rì mẹ́rin tí fọ́tò ń wọ̀ sí. Ó ní rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọ jòjòló, òun ló fi ń fẹ́ eruku kúrò lójú kámẹ́rà, nítorí bí a bá fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Ó ní àwọn àpò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń fa omi, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Ọ̀dọ̀ oníbàtà kan ló ti ń ṣà wọ́n jọ. Inú kúlà ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ sí, kúlà omi tútù lásán tó tẹ́ fóòmù sí nínú. Eruku kì í wọ̀ ọ́, òjò kì í wọ̀ ọ́, olè kì í sì í jí kúlà.

"Kúlà?" Ayọ̀kúnmi ní. "Mà, kúlà ni ẹ fẹ́ gbé lọ?"

"Kí lo fẹ́ kí n gbé lọ? Àpótí òkú?"

Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì gba gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Sherifat ní bí àwọn sójà bá rí ẹ̀rọ tó ń fò, ta ló máa ṣàlàyé fún wọn? Ayọ̀kúnmi fa ìlà pa ẹ̀rọ náà. Ó pa agboòrùn náà rẹ́, ó pa ojú kámẹ́rà mẹ́ta rẹ́. Ṣùgbọ́n ó di irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mú, ó di sólà mú, ó sì di kámẹ́rà ńlá kan mú tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n lò," Sherifat wí. "Ẹni tó ń lọ ìrìn àjò jíjìn kì í wọ bàtà tí kò tíì tẹ̀ rí."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣì wà, mà. Ẹ ó ti mọ̀ ọ́n lò kó tó dìgbà náà."

Sherifat gbé kámẹ́rà náà délé, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì tún wo ibẹ̀ mọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n lọ, ó ní kóun mú kúlà, kò rí i.

"Moyinọlá! Kúlà mi dà?"

Moyinọlá ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ogún ọdún. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń dáhùn. "Wallahi Mama, na manta," ó ní, ó búra pé òun gbàgbé ni: Ìyá Folúṣadé, aládùúgbò wọn, ló wá yá a fún ìsọmọlórúkọ ní Kamazou.

"Ìwọ gbàgbé! O gbàgbé pé ibẹ̀ ni mo ń kó oúnjẹ òòjọ́ wa sí!"

Ìrọ̀lẹ́ ni kúlà dé. Nígbà tí Sherifat ṣí i, òórùn ẹja tútù gbá a nímú. Fóòmù tó fi ọ̀bẹ gbẹ́ bí kámẹ́rà ṣe rí gan-an ti di àwátì. Sherifat fi ọṣẹ fọ kúlà, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó sá a sí oòrùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kó tó yíjú padà, ọyẹ́ ti da eruku pupa sí i nínú. Ó tún un fọ̀. Ó gé fóòmù tuntun lára ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ki bátìrì bọ iná, wọ́n mú iná lọ. Ó kó mẹ́mọ́rì síwájú kọ̀ǹpútà kó lè nu àwọn fọ́tò àtijọ́ kúrò lórí wọn, iná dé, ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún mú un lọ. Moyinọlá wá béèrè bóun lè ràn án lọ́wọ́.

"Má ràn mí lọ́wọ́ o," Sherifat wí. "Mo bẹ̀ ọ́, jókòó síbẹ̀ kó o máa wò mí."

Ìdájí ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Ayọ̀kúnmi dé pẹ̀lú mọ́tò ẹgbẹ́. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà nínú àpò dúdú gbọọrọ tó gbé kọ́ èjìká. Sherifat wo àpò náà, ó wo Ayọ̀kúnmi, ó pòṣé, ó wọlé sínú mọ́tò.

Wọ́n kọjá Jọ́ọ̀sì tán ni sójà kan dá wọn dúró. Ó rí àpò dúdú náà, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni rí ìbọn.

"Menene wannan?" ó bi wọ́n, kí ni wọ́n gbé.

Ayọ̀kúnmi bẹ̀rẹ̀ àlàyé lédè òyìnbó. Sherifat ní kó pa ẹnu dé, ó sì fi Hausa sọ fún sójà náà pé ẹsẹ̀ kámẹ́rà lásán ni. Sójà náà ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kóun rí i. Wọ́n nà á. Ó ní kí wọ́n ká a. Wọ́n ká a. Ó wá ní kí wọ́n ṣí gbogbo ẹrù tó kù. Nínú ọyẹ́ yẹn, lẹ́bàá títì tí tírélà ń sáré kọjá, Sherifat ṣí kúlà tó ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Sójà náà mú rọ́bà ikun imú, ó tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú.

"Ọmọ náà dà?" ó bi í ní Hausa.

"Kò sí ọmọ kankan. Kámẹ́rà ni mo ń fi í fẹ́."

Sójà náà wò ó títí. Nígbà tó jọ pé àánú rẹ̀ ṣe é, ó ní kí wọ́n máa lọ. Láti ibẹ̀ títí wọ́n fi dé Jalingo níbi tí wọ́n sùn, Sherifat kò bá Ayọ̀kúnmi sọ ju "ṣíra" àti "ti fèrèsé" lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n dé Gembu lórí òkè. Ọ̀kadà ló gbé wọn dé abúlé tí wọ́n ń lọ, ìkùukùu sì rọ̀ mọ́ orí òkè bí òwú. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti Kaduna. Àwọn dókítà ti ṣáájú wọn dé. Àwọn arúgbó ti tò jókòó lórí àga iléèwé, wọ́n fi ìborùn bo orí, wọ́n ń retí.

Sherifat gbé kúlà kalẹ̀, ó ṣí i. Kò sí eruku kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i dájú pé Ayọ̀kúnmi rí i. Ó yọ kámẹ́rà, ó ki bátìrì bọ̀ ọ́, ó ṣí agolo kékeré tó ń kó mẹ́mọ́rì sí. Òfìfo.

Ó yí agolo náà dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n. Ó tú fóòmù. Ó tú àpò ara rẹ̀. Ìgbà náà ló rántí. Àwọn mẹ́mọ́rì wà lórí tábìlì níwájú kọ̀ǹpútà nílé ní Kaduna, níbi tó kó wọn sí nígbà tí wọ́n mú iná lọ, tó sì ní kí Moyinọlá jókòó kó máa wo òun. Ó wá ẹni tó máa bínú sí. Kì í ṣe Moyinọlá, kì í ṣe Ìyá Folúṣadé, kì í ṣe sójà. Ó jókòó lórí kúlà náà.

Ayọ̀kúnmi kò rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn. Ó lọ síbi ẹrù tirẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kámẹ́rà ńlá náà wá, ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀. Ilé Sherifat ló ti gbé e kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀ tí wọ́n ń bọ̀.

"Ọ̀kan wà nínú èyí, mà."

"Ọ̀kan péré?"

"Ọ̀kan péré ni, irú rẹ̀ kò sì lè wọ inú kámẹ́rà tiyín. Ṣùgbọ́n, mà..." Ó họ orí. "Mo ti ya fídíò sí i díẹ̀. Àwọn òkè tá a gbà kọjá."

Díẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo mẹ́mọ́rì tán. Sherifat dúró tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń pa àwọn òkè rẹ̀ rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń wo èyí tó kàn dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń sin òkú. Lẹ́yìn náà ni Ayọ̀kúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn, mà. Rárá, ti òkè."

"Mo ti tẹ ti òkè!"

"Ti òkè kejì, mà."

"Ta ló ṣe nǹkan yìí? Ènìyàn mélòó ló ní ọwọ́ mẹ́fà?"

Stella, nọ́ọ̀sì tó ń to àwọn arúgbó náà, fi ọwọ́ bo ẹnu. Sherifat ya ẹni àkọ́kọ́, fọ́tò náà dúdú. Ó ya ẹnì kejì, ó funfun bí àwo. Nígbà tó fi máa di ẹni kẹsàn-án, ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ ọ̀nà, ó sì wá rí i, bí kò tiẹ̀ fẹ́ rí i, pé kámẹ́rà náà ń rí inú òkùnkùn kíláàsì yẹn dára ju tirẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni bátìrì kú. Ayọ̀kúnmi ti fi í sílẹ̀ nínú òtútù láti ìgbà tí wọ́n ti ń gun òkè, òtútù sì ti fa gbogbo agbára inú rẹ̀. Bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Sherifat gbé wá kò bá a mu, ọ̀kan ṣoṣo tó sì tún bá kámẹ́rà náà wá, òtútù ti mú òun náà.

Báyìí ni sólà di ohun tí wọ́n ń bẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí òrùlé páànù, oòrùn ń yọjú, ìkùukùu ń bò ó. Sherifat ní kí Ayọ̀kúnmi fi bátìrì kejì sí abẹ́ aṣọ, kó há a mọ́ abíyá kó lè móoru, kó má sì yọ ọ́ títí òun ó fi béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà: ọ̀kan lórí òrùlé, ọ̀kan lábẹ́ abíyá, tí wọ́n ń jágbe mọ́ ara wọn láàárín méjèèjì. Kí dókítà tó ṣiṣẹ́ tán, wọ́n ti ya gbogbo àwọn arúgbó náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tú báńdéèjì. Ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn tó ti tó ọdún mẹ́fà tí kò ríran. Wọ́n gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé dára. Stella ń tú báńdéèjì díẹ̀díẹ̀. Sherifat ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ayọ̀kúnmi, kúrò nínú ìmọ́lẹ̀! Ṣé dígí ni ọ́ ni?"

Ìyá náà ṣẹ́jú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ Sherifat, ó sì fi Hausa bi í pé: "Ìwọ lo ti ń pariwo láti àná?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ má bínú."

"Mo rò pé o tóbi jù báyìí lọ."

Àwọn arúgbó tó gbọ́ ọ bú sẹ́rìn-ín, Stella bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà gan-an sì fi eyín méjì tó kù lẹ́nu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ń mi ọwọ́ Sherifat jìgìjìgì bó ṣe tẹ kámẹ́rà.

Lójú ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Gembu, Ayọ̀kúnmi wo fọ́tò náà títí. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kò mọ́ dáadáa, ó mì díẹ̀. Bó bá ṣe pé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé kámẹ́rà lé ni, kò ní mì.

Sherifat yíjú sí i. "Ayọ̀kúnmi," ó ní, "bó o bá tún dárúkọ irin yẹn, màá sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè yìí, màá sì sọ ìwọ náà tẹ̀ lé e."

Fọ́tò yẹn ni ẹgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Nígbà tí ọdún yí, wọ́n tún ránṣẹ́ pe Sherifat pé kó wá bá wọn lọ.