Vicko Di Agbẹjọ́rò Klobuk

Ní Komiža, ìlú kan létí òkun, kò sí apẹja tó mọ èébú klobuk bú tó Vicko. Klobuk ni ẹran omi tí kò lójú, tí kò légungun, tó ń mì bí ẹ̀kọ tútù, tó sì ń jóni lára bí èsìsì. Ó ti ba àwọ̀n Vicko jẹ́ débi pé ìyàwó rẹ̀, Dinka, kì í jẹ́ kó dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ yí padà lọ́dún tí ìlú ní ọkọ̀ Vicko làwọn máa dáná sun níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún Nikola Mímọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi ọkọ̀ onígi kan tó ti gbó rúbọ sí i báyìí, torí òun ló ń ṣọ́ àwọn tó ń rin orí omi. Ọkọ̀ náà ń jò bí ajere, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Vicko kò lè fojú rí i nínú iná.

Zorana, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkun, ló fún un lọ́rọ̀ sọ láìmọ̀. Ó ní èéfín ayé máa ń wọnú òkun. Ewéko wẹ́wẹ́ inú omi á jẹ nínú rẹ̀, kòkòrò omi á jẹ ewéko, klobuk á jẹ kòkòrò. Bí klobuk bá kú, á rì lọ sísàlẹ̀ ibú, kábọ́ọ̀nù inú èéfín náà á bá a lọ, èyí tó bá sì délẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Vicko kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi sáré lọ bá àwọn àgbà apẹja ní èbúté.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò láàánú! Klobuk ń ru èéfín yín lọ sí ibú látàárọ̀, ẹ tún fẹ́ fi ọkọ̀ mi kún ẹrù ẹ̀!"

Wáìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú Bàbá Tonko, tó dàgbà jù nínú wọn, jáde. "Klobuk wo? Èyí tó jó ẹ nídìí lọ́jọ́sí, tó ò ń ṣépè fún ìyá tó bí i?"

"Ọ̀rọ̀ àná nìyẹn, Bàbá."

"Ó dáa. A ò sun ọkọ̀ ẹ mọ́. Ẹ jẹ́ ká kó òkúta sínú ẹ̀, ká rì í sí ibú lódindi. Klobuk ò ní ṣe wàhálà kankan nìyẹn, àbí?"

Ẹ̀rín sọ. Ẹnu àparò ló pa àparò.

Dinka, tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pòṣé. "Vicko, fi klobuk sílẹ̀. Sọ òótọ́ fún wọn."

"Mo fẹ́ràn ọkọ̀ mi," ni Vicko wí. "Bàbá mi ló kọ́ mi ní ìtukọ̀ nínú ẹ̀. Inú ẹ̀ ni mo ti bẹ Dinka kó fẹ́ mi. Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Tonko gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé èyí tẹ́nì kankan ò fẹ́ràn lo rò pé à ń fún Nikola Mímọ́ ni?"

Lọ́jọ́ ọdún, Vicko kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ìṣáná. Òun fúnra rẹ̀ ló tiná bọ ọkọ̀ náà. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wò ó pé èéfín ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú òkun ni atẹ́gùn ń gbé èéfín náà lọ.