Wóró Kan Nínú Funfun Ẹyin

Òórùn àlìkámà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi ní Warehouse Road, Àpápá, kí èéfín àwọn tírélà tó gba ipò rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Iléeṣẹ́ ìyẹ̀fun kan yá mi ní yàrá kékeré lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú awò ńlá tó ń sọ ohun tójú ò lè rí di gbàǹgbà. Olùkọ́ mi ti kọjá sókè òkun, wọ́n fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún mi: kí n yọ purotéènì lára funfun ẹyin, kí n jẹ́ kó dì ní wóró bí iyọ̀ ṣe ń dì, kí n sì ya fọ́tò wóró kan bó ṣe ń dàgbà. Láìsí fọ́tò yẹn, kò sí oyè yunifásítì fún mi.

Wóró yìí kì í fẹ́ wàhálà. Bí tírélà kan bá kọjá, tábìlì á gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ á dà bí iyanrìn. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni títì máa ń rọlẹ̀, ni mo bá pa ṣọ́ọ̀ṣì tì. Ní Ajégúnlẹ̀ tí mò ń gbé, àwọn ará ìjọ béèrè mi títí ó fi sú wọn. Ọ̀rẹ́ mi, mo dá wà débi pé mo máa ń kí awò yẹn káàárọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo rí i. Wóró kan dá dúró, etí rẹ̀ mú, ìpele tín-ín-rín ń tẹ́ léra wọn lójú rẹ̀. Inú mi dùn, mi ò sì rẹ́ni fi hàn. Dípò kí n ya fọ́tò, mo sáré lọ pe bàbá tó ń ṣọ́ géètì, ará Ìsẹ́yìn. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fojú sí awò.

“Ó ń dàgbà lóòótọ́! Kí lẹ fi ń bọ́ ọ, ọ̀gá?”

“A kàn ń fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, bàbá.”

“Aláhù Akbar!” Wọ́n fi ìdùnnú gbá tábìlì.

Wóró náà là sí méjì. Mo jágbe mọ́ ẹni tó tó bí mi lọ́mọ: “Ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́! Ẹ jáde!” Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n gbé bàtà wọn lọ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Èmi tí mò ń fi ẹyin ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ló yẹ kó mọ̀.

Láwọn ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo máa ń gbóhùn bàbá lójú fèrèsé, tí wọ́n ń bẹ àwọn dírẹ́bà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín. Ọ̀gá ń ṣiṣẹ́ lókè.” Wọn ò gòkè mọ́, ìtìjú ò sì jẹ́ kí n pè wọ́n. Nígbà tí wóró mìíràn dàgbà, tí fọ́tò rẹ̀ jáde, mo sáré gbé e lọ sí géètì. Ẹlòmíràn ni mo bá níbẹ̀. Bàbá ti padà sí Ìsẹ́yìn pátápátá.

Fọ́tò yẹn ló gba oyè fún mi, ara ògiri pálọ̀ mi ló wà. Gbogbo àlejò ló ń yìn ín. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ẹni tó jẹ́ kó dàgbà ni mo lé jáde, bàbá ò sì rí fọ́tò náà títí wọ́n fi lọ.