Méjìdínláàádọ́ta Ni Ìdáhùn Rẹ̀

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí ó wù mí láti kọ́ni tó ìṣirò tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀. Wọn yóò ní bàbá kan jẹ́ ẹni ogójì ọdún, ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́wàá. Ọdún mélòó ni yóò kọjá kí ọjọ́ orí bàbá tó jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọ? Ẹni tí kò ní sùúrù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó ní sùúrù yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni òun kò mọ̀. Yóò fi lẹ́tà kan dúró fún un, yóò sì máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá a níbi tí ó sá pamọ́ sí. Báyìí ni mo ṣe kọ́ àwọn tí wọ́n ti di ẹni ńlá lónìí.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ-ọmọ mi obìnrin kùnà nínú ìdánwò ìwọlé yunifásítì, tí ó sì jẹ́ pé ìṣirò ni ó gbé e ṣubú, n kò jẹ́ kí wọ́n bá a wí púpọ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe ọmọ bíbí inú mi, ń ṣiṣẹ́ ní Ibeju-Lekki. Ìdájí ni ó ń jáde nílé wa ní Thomas Estate, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí ó tó wọlé. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún ọmọ náà pé, "Ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù o. Tí o bá tún kùnà, iṣẹ́ ọwọ́ lo máa lọ kọ́." Bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ọmọ náà fẹ́ lọ kà ní yunifásítì. Láti kékeré ni ó ti ń tú fáànù palẹ̀ láti mọ ohun tí ń yí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, a ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, èmi lórí àga, òun lórí àpótí, ìwé àjákọ rẹ̀ lórí itan rẹ̀.

"Ṣé orí yẹn ti jí, àbí ká bomi sí i?"

"Ó ti jí, sà. Ẹ má bomi sí i, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun ni."

A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá ṣe tán, èmi yóò fi tàdáwà pupa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

N kò lè sọ ọjọ́ náà gan-an tí ẹ̀rín kúrò níbẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, omi ti ń dúró sí ojú títì wa, kò sì tètè fà. Mo kàn ṣàkíyèsí pé bí ọmọ náà bá kọ ìdáhùn, yóò gbójú sókè wò mí fún ìgbà pípẹ́, yóò pa á rẹ́, yóò sì kọ òmíràn. Mo rò pé ẹ̀rù ìdánwò ni. Nígbà mìíràn, èmi náà a ka ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé mi. Mo rò pé ojú mi ni kò ríran dáadáa mọ́, mo sì pààrọ̀ awò ojú mi.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ṣe ìdánrawò fún wọn níbi tí ó ti ń gba àfikún ẹ̀kọ́ ní Ajah. Ìyá rẹ̀ ni ó mú ìwé èsì náà wá bá mi, ọmọ náà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ wá wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yín ṣe."

Mo wò ó. Ìbéèrè kan sọ pé awakọ̀ kan gba ọ̀nà kan lọ ní ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì gba ọ̀nà kan náà padà ní ogójì. Kí ni ìpíndọ́gba eré rẹ̀? Ọmọ náà mú àádọ́ta. Inú bí mi. Pàkúté tí mo ti ń kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ láti ìgbà èwe mi ni èyí! Ìrìn tó falẹ̀ ni ó ń jẹ àkókò jù, nítorí náà ìdáhùn kò lè wà ní àárín gbùngbùn.

"Àádọ́ta kẹ̀! Ta ló kọ́ ẹ ní àádọ́ta?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Dáhùn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé o ò gbọ́ pé Bàbá ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ni?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Ẹ má bínú."

Mo ní kí ó gbé ìwé àjákọ rẹ̀ wá. Ó ní òun kò rí i. Mo tún un sọ, ó sì lọ gbé e wá, ṣùgbọ́n kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi.

Ìbéèrè náà wà níbẹ̀. Ó ti ṣe é pé pérépéré: ó ní kí ọ̀nà náà jẹ́ ọgọ́fà kìlómítà, àlọ gba wákàtí méjì, àbọ̀ gba mẹ́ta, ó sì pín àpapọ̀ ìrìn náà, igba kìlómítà ó lé ogójì, sí márùn-ún. Méjìdínláàádọ́ta. Tàdáwà pupa ti gba àárín iṣẹ́ náà kọjá. Lábẹ́ rẹ̀, mo rí ìkọ̀wé ara mi: "Rárá. Da ọgọ́ta àti ogójì pọ̀, kí o pín in sí méjì. Àádọ́ta."

Ìkọ̀wé mi ni. N kò rántí pé mo kọ ọ́.

Mo ṣí ojú ìwé síwájú. Ó tó márùn-ún bẹ́ẹ̀. Ti bàbá ẹni ogójì ọdún wà níbẹ̀. Ọmọ náà ti kọ ogún, tí í ṣe òótọ́. Mo ti fagi lé e, mo kọ mẹ́wàá.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ní àkọ́kọ́, mo rò pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n, sà. Nígbà tó yá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa wí fún yín pé ẹ ṣì í?"

Èmi ni mo tọ́ ìyá rẹ̀ pé ọmọdé kì í já àgbà ní irọ́. Ìyá rẹ̀ ni ó sì tọ́ òun. Ọmọbìnrin mi ń wo ìwé náà. Kò wo ojú mi rárá.

Ní ọjọ́ kejì, mo pàṣẹ fún ọmọ náà. "Ìwọ ni tíṣà báyìí. Èmi ni n ó máa ṣe é, ìwọ ni wàá máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá ṣì í, o gbọ́dọ̀ wí i, kí o sì sọ ìdí rẹ̀."

"Mi ò lè wí i, sà."

"Ìdánwò kì í wo ojú àgbà. Bèèrè ìbéèrè rẹ."

Ó ní ẹ̀rọ kan ń fa omi kún táǹkì ní wákàtí mẹ́ta, èkejì ń kún un ní wákàtí mẹ́fà. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń fà á ńkọ́? Mo rò ó dáadáa. Mo ní wákàtí mẹ́rin ààbọ̀.

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú gọ́tà. Ó gbójú sókè wò mí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí nìdí?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ti lè kún un ní wákàtí mẹ́ta. Báwo ni méjì ṣe máa pẹ́ ju ìyẹn lọ? Wákàtí méjì ni, sà."

Òótọ́ ni ó sọ, ó sì sọ ọ́ bí olùkọ́ gidi. Inú mi dùn sí i, ẹ̀rù ara mi sì bà mí.

Láti ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ ń le sí i. "Rárá, sà" wá rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ṣe ìdánrawò mìíràn, kò ṣi ẹyọ kan nínú àwọn ìṣirò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ jó, lẹ́yìn náà ó wọ yàrá mi wá, ó sì sọ pé òun ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbé mi, pé tí ìdánwò bá ti kọjá, a ó lọ rí i. Mo ní ó dára.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, èmi náà kò ṣi ìkankan mọ́. Ọjọ́ méjì ni inú mi fi dùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó yé mi pé ọmọ náà ti ń wá ìbéèrè tí ó rọrùn fún mi. Mo ṣáà ń bá a ṣe é lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìdánwò, ó ní, "Àwọn ọsàn kan wà nínú apẹ̀rẹ̀, sà, a kò mọ iye wọn. A fi mẹ́rin kún un, ó di méjìlá. Mélòó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ìbéèrè ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní mẹ́jọ.

"Ẹ gbà á, sà," ni ó wí, kò gbójú sókè.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe é nínú ọkàn mi kí ó tó dá mi lójú láti dáhùn.