Ọwọ́ Òsì Tíṣà Mi àti Bọ́tìnnì Mẹ́jọ

Obìnrin tó kọ́ mi ní dùùrù kò ga, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rí. Ní gbogbo ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, n kò gbọ́ kó pariwo mọ́ ọmọ kankan. Bí o bá tẹ ohùn tí kò tọ́, yóò kàn dákẹ́, yóò wo ọwọ́ rẹ, ìwọ fúnra rẹ á sì mọ̀ pé o ti ṣìnà. Òun ló ń kọ́ wa lórin nílé ẹ̀kọ́ girama, òun náà ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe di tíṣà orin ní Ọ̀yọ́ títí di òní.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá a lórí àga ní pálọ̀. Ojú rẹ̀ kò wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà."

"Àmín. Apá yẹn ti ń gbé díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìka ni kò gbọ́ràn."

Mo wo ibi tí dùùrù rẹ̀ máa ń wà. Aṣọ aláwọ̀ sánmà kan bò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n sì to ìgò oògùn sórí rẹ̀. Mo bi í léèrè pé ta ló fi aṣọ bò ó.

Ó ní, "Èmi ni. Kí n má baà máa rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ọ̀yọ́. Ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orin fún gbogbo ìlú, ló wá ń sá fún dùùrù nínú ilé ara rẹ̀.

Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a ní láptọ́ọ̀pù kan tí sọ́fítíwíà orin wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kékeré kan tí àwa olórin ń pè ní MIDI. Kíbọ́ọ̀dù náà kò ní ohùn tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pàṣẹ fún láptọ́ọ̀pù. Bọ́tìnnì roboto mẹ́jọ wà lórí rẹ̀, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, tí èèyàn ń yí bí wọ́n ṣe ń yí fólúùmù rédíò. Nínú sọ́fítíwíà náà ni ohun kan wà tó ń jẹ́ apéjíétọ̀. Bí o bá tẹ ohùn mẹ́ta pọ̀ tí o sì dì í mú, apéjíétọ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n jọ dún lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò gùn wọ́n lọ sókè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì máa tún un ṣe títí o fi gbé ọwọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Èmi ní tèmi, nǹkan ìṣeré ni mo kà á sí. Àfi ìgbà tí mo rántí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń fẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo tò ó sórí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun, mo sì ní kí tíṣà mi fi ọwọ́ òsì tẹ ohùn mẹ́ta kó dì í mú. Ó tẹ̀ ẹ́. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gòkè. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Irọ́ ni. Ohùn mẹ́ta ni mo tẹ̀. Èyí tí mo gbọ́ lé ní mẹ́wàá." Ó mi orí. "Máa gbé e lọ, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ mi, kí àwọn èèyàn wá máa kí mi kú iṣẹ́."

Ojú tì mí. Ó dà bí ìgbà tí mo lọ bú u nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dì í tán, mo ní kí n fi ohun kan hàn án kí n má baà wá lásán. Mo tẹ ohùn mẹ́ta, mo yí bọ́tìnnì àkọ́kọ́ sẹ́yìn, orin náà fà, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo yí òmíràn, ohùn kọ̀ọ̀kan wá kúrú bí ìgbà tí òjò ń kán.

Ó ní, "Dúró. Kí lo ṣe yẹn?"

Mo ṣàlàyé pé bọ́tìnnì yìí ló ń darí ìyára, tọ̀hún ń darí bí ohùn ṣe máa pẹ́ tó, òmíràn ló ń sọ bóyá kó gòkè ni tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ti bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Kò yí. Ó tún un ṣe. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó yí.

"Ó gbọ́," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Èmi ni mo yíjú sí ojú fèrèsé.

Mo gba àyè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, mo fi láptọ́ọ̀pù àti kíbọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ fún un. Ohun tó wá fi ṣe ló ń yà mí lẹ́nu títí di ìsinsìnyí. Mo fi hàn án lẹ́ẹ̀kan péré bí a ṣe ń so bọ́tìnnì mọ́ iṣẹ́ rẹ̀: kí o tẹ ohun tí o fẹ́ darí lójú láptọ́ọ̀pù, kí o yí bọ́tìnnì tí o yàn, ó parí. Nígbà tí mo padà wá, ó ti tú gbogbo ètò mi palẹ̀. Ó ní àwọn bọ́tìnnì sún mọ́ra jù, bí òun bá fẹ́ ti ọ̀kan, ọwọ́ òun ń kan èkejì. Nítorí náà, àwọn tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ló lò, ó fi àárín sílẹ̀.

Ó tún ní, "Ohun kan ṣì kù. Àwọn akọrin ń mí. Ẹ̀rọ yìí kì í mí."

Ó ti rán ẹnìkan lọ sí Sábó, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta nǹkan iná, kó bá òun wá pẹ́dà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó so pẹ́dà yẹn mọ́ bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó. Bí ìlà orin bá ń parí lọ, á rọra gbé ẹsẹ̀, ohùn á kúrú, àlàfo á wà láàárín wọn. Bó bá tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á so pọ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi: orin náà ń mí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọ́kọ́ fi tẹ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sí àga iwájú. Ìlà àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì ìyára, orin fò lójijì, ó ń sáré burúkú. Àwọn akọrin túká, ẹnìkan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti dìde. Tíṣà mi fi orí sọ fún mi pé kí n jókòó. Ó gbé ọwọ́ òsì, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wá rọra yí bọ́tìnnì náà nígbà tí ohunkóhun kò dún, ó ń wo ojú láptọ́ọ̀pù títí ìyára fi bọ́ sí ibi tó fẹ́.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀," pẹ̀lú ohùn kékeré yẹn kan náà.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ kẹta, gbogbo ìjọ ti dìde, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde.

Lẹ́yìn ìsìn, ó bi mí pé, "Kí ló fò lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

Mo ní, "Ibi tí ẹ yí bọ́tìnnì sí lánàá kọ́ ni láptọ́ọ̀pù ṣí sí láàárọ̀ yìí, mà. Bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, ó fò lọ bá ọwọ́ yín."

"Ṣé kò síbi tí èèyàn ti lè sọ fún un pé kó dúró de òun?"

Mo ní n kò mọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ kí mi tán tó fi ní, "Mo ti rí i." Ó ti wá gbogbo inú sọ́fítíwíà náà, ó sì rí ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ pé kí bọ́tìnnì má ṣiṣẹ́ títí yóò fi yí dé iye tí ojú láptọ́ọ̀pù ń fi hàn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi sọ́fítíwíà yẹn kọ́ ọmọ, n kò débẹ̀ rí.

Nígbà tí mo lọ kí i láìpẹ́ yìí, mo ní kó jẹ́ kí n gbìyànjú bí òun ṣe ń ṣe é: ọwọ́ òsì nìkan lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún lórí bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà. Mo rò pé yóò rọrùn fún mi, nígbà tó jẹ́ pé ara mi le. Mo yí bọ́tìnnì jù, ẹsẹ̀ mi gbàgbé tirẹ̀, orin náà sì ń kọsẹ̀ káàkiri pálọ̀. Ó dákẹ́, ó wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

Ó ní, "Ọkọ̀ kọ́ lò ń wà. Yí i díẹ̀. Ó yá, láti ìbẹ̀rẹ̀."